Ẹ̀rọ tuntun, iṣẹ́ àti ilé ìwé: kí ni olùkọ́ lè sọ fún ọmọ tó fẹ́ yan iṣẹ́?

Ìbéèrè: Olùkọ́ girama ni mí, mo sì tún jẹ́ òbí. Lọ́sẹ̀ yìí mo lè kà á pé AI (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́gbọ́n, tó sì ń dáhùn bí ènìyàn) àti rọ́bọ́ọ̀tì máa gba ìdajì iṣẹ́ ayé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, onímọ̀ mìíràn á ní irọ́ ni, pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń dá sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń pa lọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ tó ń bi mí léèrè iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́? Ilé ìwé wa sì tún fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún gbogbo kíláàsì. Ṣé kí wọ́n rà á?

Ìdáhùn: Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi, Olùkọ́, àmọ́ okùn kan ló so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àwọn tó ń gbé ìròyìn wọ̀nyẹn jáde ṣe ń ka iṣẹ́. Ní ọdún 2013, Carl Frey àti Michael Osborne ní Yunifásítì Oxford yẹ oríṣi iṣẹ́ 702 wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà lè gbà. Ní 2016, ìwádìí mìíràn jáde lábẹ́ OECD, àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ wà nínú rẹ̀, lórí orílẹ̀-èdè 21. Ìdá 9 ni tiwọn. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Àwọn ti Oxford mú orúkọ iṣẹ́ lódindi, wọ́n bi í pé ṣé ẹ̀rọ lè ṣe é. Àwọn ti OECD tú iṣẹ́ náà palẹ̀, wọ́n wo ohun tí ẹni tó wà lẹ́nu rẹ̀ ń ṣe gan-an láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Akọ̀wé ìṣirò owó, fún àpẹẹrẹ, ìdá 98 ni ìṣirò Oxford fún un, ìyẹn ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ohun tí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe, ìdá 24 péré nínú wọn ló lè ṣiṣẹ́ láì bá ẹlòmíràn pawọ́ pọ̀, láì sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Kí ìyàtọ̀ yìí wà lọ́kàn yín nígbàkígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tún dé. Apá iṣẹ́ ni ẹ̀rọ ń mú. Ìyókù iṣẹ́ náà, bí wọ́n ṣe tún un tò, àti àpò tí èrè rẹ̀ bọ́ sí, ni yóò sọ bóyá òṣìṣẹ́ máa jèrè tàbí ó máa pàdánù.

Ẹ mú ẹ̀rọ ATM. Báńkì Barclays gbé èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ sí Enfield ní London ní oṣù kẹfà ọdún 1967. Owó ni wọ́n ní kó máa san fún oníbàárà, owó sísan sì ni olórí iṣẹ́ kaṣíà. Ó yẹ kí kaṣíà ti kógbá sílé. Ohun tí James Bessen, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, rí ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ìyẹn. Láàárín 1988 sí 2004, iye kaṣíà tí ẹ̀ka báńkì kan nílò ní ìlú ńlá wálẹ̀ láti nǹkan bí 20 sí 13. Nígbà tí owó tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀ka kan ró ti dín kù, àwọn báńkì ṣí ẹ̀ka sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí iye ẹ̀ka ní àwọn ìlú ńlá fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ kaṣíà kò wá dín kù. Iṣẹ́ wọn ló yí padà: owó kíkà dín, ọ̀rọ̀ àkáǹtì àti ẹ̀yáwó tí wọ́n ń bá oníbàárà sọ sì pọ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ máa ń dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Ìyókù rẹ̀ nìyí: nígbà tí fóònù di báńkì, oníbàárà kò rí ohun tó ń gbé e lọ sí ẹ̀ka mọ́, láti nǹkan bí 2010 sì ni iye kaṣíà ti ń lọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Apá kan nínú iṣẹ́ kaṣíà ni ATM mú. Fóònù mú ìdí tí ènìyàn fi ń wọ báńkì.

Bí ohun tó ṣẹ́ kù kò bá tó nǹkan ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àwọn ahunṣọ ní Britain ló máa ṣàlàyé ìyẹn. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wá: lápá ìparí ọ̀rúndún 18, ẹ̀rọ ìrànwú mú kí òwú pọ̀, kó sì dínwó, òwú náà sì gbọ́dọ̀ rí ẹni hun ún. Ní nǹkan bí 1820, àwọn tó ń fi òfì ọwọ́ hun aṣọ òwú tó nǹkan bí 240,000. Ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ ìhunṣọ, kò sì sí apá kan tó ṣẹ́ kù fún wọn nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di 1850, iye wọn ti wá sí nǹkan bí 43,000. Iye wọn kọ́ ló tiẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́, owó iṣẹ́ wọn ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì ń gba owó tó ń kéré sí i kí ẹ̀rọ má bàa lé wọn lọ. Iṣẹ́ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ nígbà náà o, àmọ́ àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó rí i ṣe, kì í ṣe àgbà ahunṣọ tó pàdánù tirẹ̀.

Níwọ̀n bí a ti dé ibí, àwọn Luddite tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹni tó bá kọ ẹ̀rọ, a ti ṣì wọ́n gbọ́. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ ní Nottinghamshire ní 1811, ahunbọ̀sẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀rọ sì ni wọ́n ti ń fi jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Owó iṣẹ́ tí ọ̀gá ń gé àti ọjà gbàrọgùdù tó ń ba orúkọ iṣẹ́ wọn jẹ́ ni wọ́n bá jà. Ìjọba sọ ọ́ di òfin ní 1812 pé ikú lè jẹ́ ìjìyà ẹni tó bá fọ́ ẹ̀rọ. Ní ti owó iṣẹ́ ní Britain lápapọ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú jáde ti ń lọ sókè láti ọdún mélòó kan, síbẹ̀ ohun tí owó rẹ̀ lè rà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan títí di nǹkan bí 1840. Ẹni tó bá ní ó dára nígbẹ̀yìn, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ àwọn kan lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn láì rí ìgbẹ̀yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí tí èrè ẹ̀rọ fi ń pẹ́ kó tó jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì yín wà, bí kò tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Kí iná mànàmáná tó dé, ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tí ooru omi gbígbóná ń yí ló máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà á yí ọ̀pá irin gbọọrọ tó gba òkè àjà kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bẹ́líìtì á sì so láti ara ọ̀pá náà wá sí ara ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni agbára tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà ṣe ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́ ilé iṣẹ́ ní àjà lórí àjà, tí wọ́n á kó ẹ̀rọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Ẹ̀rọ tó nílò agbára jù ló ń sún mọ́ ọ̀pá jù lọ, ìbáà jẹ́ òun ló gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ náà. Bí ènìyàn kan ṣoṣo bá fẹ́ ṣiṣẹ́ alẹ́, gbogbo ọ̀pá ló máa yí. Bí ọ̀pá bá ṣẹ́, gbogbo ilé ló máa dákẹ́.

Ọdún 1882 ni ilé iṣẹ́ iná Thomas Edison ní òpópónà Pearl ní New York bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, iná mànàmáná kò tíì mú ìyípadà kan tó ṣe é fi yangàn bá àwọn ilé iṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n yọ ẹ̀rọ ooru omi kúrò ní ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n gbé ẹ̀rọ iná ńlá kan sí ojú ibẹ̀ gan-an, wọ́n fi ọ̀pá àti bẹ́líìtì sílẹ̀ bó ṣe wà. Owó tó bá a dín kò tó ohun tí à ń pariwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín in: ẹ̀rọ iná kan fún ọ̀wọ́ ẹ̀rọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ iná kékeré sí ara ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá di ohun tí kò wúlò mọ́. Àjà ṣófo, ìmọ́lẹ̀ rí ibi gbà wọlé, ohun tó ń gbé ẹrù wúwo sì rí òkè rìn sí. Ilé iṣẹ́ di onílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì lè tò tẹ̀ léra bí ọjà ṣe ń lọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní 1929, ó ti ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń wá láti ara ẹ̀rọ iná, àwọn ọdún 1920 wọ̀nyẹn gan-an sì ni ohun tí òṣìṣẹ́ ń mú jáde fò sókè. Ó lé ní ogójì ọdún sí 1882.

Paul David, òpìtàn ọrọ̀ ajé, ló fi ọ̀rọ̀ yìí dá Robert Solow lóhùn ní 1990, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé tó ti sọ ní 1987 pé ibi gbogbo ni òun ti ń rí kọ̀ǹpútà àyàfi inú ìṣirò ohun tí òṣìṣẹ́ ń mú jáde. Èsì David kò lọ́jú pọ̀: ẹ̀rọ ti dé, iṣẹ́ ni wọn ò tíì tún tò. Títún iṣẹ́ tò sì ń náwó ju ẹ̀rọ lọ. Ó ń gba ilé tuntun, òṣìṣẹ́ tó tún iṣẹ́ kọ́, ọ̀gá tó gbà kí wọ́n wó ohun tí òun fọwọ́ ara òun tò, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ ń dúró de ìgbà tí ilé àtijọ́ bá gbó.

Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ méjì kún un, nítorí ẹ ò béèrè nípa ìlú àti àwùjọ, bẹ́ẹ̀ ìyípadà ibẹ̀ kò kéré. Fóònù alágbèéká dé àwọn etíkun Kerala ní India láàárín 1997 sí 2001. Tẹ́lẹ̀, apẹja á gúnlẹ̀ sí ọjà kan tí ẹja ti pọ̀ jù, á da ti tirẹ̀ nù, nígbà tí oníbàárà ń wá ẹja tì ní ọjà kejì tí kò jìnnà. Robert Jensen, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, wọ̀n ọ́n: ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ẹja ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà tí àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọjà láti orí omi. Èrè apẹja fi nǹkan bí ìdá 8 gbéra, owó ẹja fi ìdá 4 wálẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Apẹja jẹ, ẹni tó ń rà náà jẹ. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ohun tó sì mú un rí bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó ń bàjẹ́ ni fóònù gbà là. Kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń pẹja.

Kọ̀ǹtẹ́nà ni òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi Malcom McLean, Ideal-X, gbé kọ̀ǹtẹ́nà 58 láti Newark lọ sí Houston. Ó ń ná wọn ní dọ́là 5.86 láti fi ọwọ́ kó ẹrù tọ́ọ̀nù kan sínú ọkọ̀ nígbà náà. Fún kọ̀ǹtẹ́nà, ó jẹ́ nǹkan bí sẹ́ǹtì 16. Láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀, àwọn èbúté àtijọ́ ní Manhattan àti láàárín London dẹ́kun iṣẹ́, àwọn alágbàrù tí gbogbo àdúgbò wọn ń gbé ní ẹ̀bá omi fọ́n ká, iṣẹ́ sì ṣí lọ sí ibi tí ilẹ̀ gbalasa wà, bíi New Jersey ní Amẹ́ríkà àti Felixstowe ní England. Gbogbo ayé ló ra ọjà ní ẹ̀dínwó. Àdúgbò díẹ̀ ló san án. Bí ìyípadà ẹ̀rọ ṣe sábà máa ń rí nìyẹn: àǹfààní rẹ̀ máa ń tín-ín-rín káàkiri, àdánù rẹ̀ máa ń wọ́ jọ sí ojú kan.

Ó di orí àwọn ọmọ tó ń yan iṣẹ́. Ẹ má ṣe dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ báyìí ló dára, iṣẹ́ báyìí ti kú. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè tú iṣẹ́ palẹ̀ fúnra wọn. Kí ọmọ wá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó wù ú, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ohun tó ṣe láàárín ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tàbí ìṣẹ́jú tó gbà. Ohun 10 sí 20 ló sábà máa ń jáde. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń kọ orúkọ ńlá, bí "àbójútó" tàbí "ìṣirò". Kò ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹnì kan lè dúró wò ni kí wọ́n kọ: "mo ka rìsíìtì, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà", "mo pe oníbàárà tí ìwé rẹ̀ kò pé", "mo wádìí owó tí kò bá ìwé báńkì mu", "mo ṣàlàyé fún olówó ìdí tí èrè fi kéré", "mo fọwọ́ sí ìwé owó orí".

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé a lè kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò tẹ̀ lé e láì padà wá béèrè nǹkan? Bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, ta ló máa jíhìn, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó ká tó rí àṣìṣe náà? Bí iṣẹ́ náà bá dínwó, ṣé àwọn ènìyàn máa wá a sí i, àbí èyí tí wọ́n ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti tó wọn? Ṣé ibẹ̀ ni ẹni tuntun ti ń kọ́ iṣẹ́?

Rìsíìtì títẹ̀ máa lọ, ó tiẹ̀ ti ń lọ. Pípe oníbàárà lè dín, nítorí ẹ̀rọ lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, àmọ́ oníbàárà tí kò fẹ́ fi ìwé rẹ̀ hàn kò ní torí lẹ́tà yí padà. Ìwádìí owó tó sọnù, ẹ̀rọ lè nawọ́ sí i, ènìyàn ni yóò mọ̀ bóyá olè ni tàbí àṣìṣe. Ìfọwọ́sí máa dúró, nítorí òfin ń fẹ́ orúkọ ẹni tí ó lè pè lẹ́jọ́. Ẹ ní kí ọmọ ro wákàtí pọ̀: bí wákàtí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ bá wà lórí apá tó máa lọ, kí ó wádìí ìbéèrè kẹta dáadáa. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ sí i nígbà tó bá dínwó lè gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, bí òfì ọwọ́ ló máa rí.

Ìbéèrè kẹrin ni mo rò pé àwọn òbí fojú di jù. Erik Brynjolfsson, Danielle Li àti Lindsey Raymond tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 5,000 tí wọ́n ń dá oníbàárà lóhùn nípa ìṣòro kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ wọn fún wọn ní AI tó ń dábàá èsì. Ìṣòro tí òṣìṣẹ́ ń yanjú láàárín wákàtí kan fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lápapọ̀. Fún àwọn tuntun àti àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì yá, ìdá 34 ni. Fún àwọn àgbà ọ̀jẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀. Ara ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀jẹ̀ yẹn ti bá oníbàárà sọ ni AI náà ti kọ́gbọ́n, ó sì wá ń pín in fún àwọn tuntun. Ó dùn mọ́ ẹni tuntun. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ọgbọ́n tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lè di ti gbogbo ilé iṣẹ́ láì sí pé wọ́n fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀. Ibi tó tún ti lè bàjẹ́ ni pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ẹ̀rọ ń tètè mú, bí ìwé àkọ́kọ́ kíkọ tàbí ìṣirò ṣíṣe lẹ́ẹ̀kejì, ni àwọn tuntun fi ń di ọ̀jẹ̀. Bí ọmọ bá ń wá ibi tó máa kọ́ṣẹ́ sí, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn: kí ni wọ́n ń fún ẹni tuntun ṣe ní ọdún kìíní, ta sì ni yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò? Ibi tí wọn ò bá ti rí èsì kan pàtó fọ̀, kó wá ibòmíràn.

Ní ti àwọn tó ń ní kí gbogbo ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó dára kí ọmọ mọ̀ ọ́n, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ló máa mọ̀, nítorí AI ti ń kọ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tún wáyà tàbí páìpù ilé àtijọ́ ṣe ní ààbò tí wọn kì í kà kún: ilé méjì kò jọra, rọ́bọ́ọ̀tì kò sì fẹ́ràn ibi tí nǹkan kò bára mu. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ kan dé gbòǹgbò, tó sì lè wo èsì ẹ̀rọ kó mọ̀ pé "èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀", òun ni wọ́n máa nílò láti yẹ ẹ̀rọ wò.

Tábúlẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Láti 2008, ìjọba Peru pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ìwádìí tí báńkì ìdàgbàsókè Inter-American ṣe ní ilé ìwé 319 ní ìgbèríko fi hàn ní 2012 pé kọ̀ǹpútà pọ̀ lóòótọ́, láti 0.12 fún ọmọ kan sí 1.18. Àmì ìṣirò àti ìwé kíkà kò yí padà. Ẹ̀rọ iná ńlá ni wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n fi ọ̀pá àti bẹ́líìtì sílẹ̀: àkókò ẹ̀kọ́ bákan náà, ìwé ẹ̀kọ́ bákan náà, olùkọ́ tí ẹnì kan kò kọ́ ní ohun tó máa fi ẹ̀rọ ṣe.

Ní Delhi ní 2015, ohun mìíràn ni wọ́n gbìyànjú. Ìdánwò kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹfà fi nǹkan bí kíláàsì méjì àti ààbọ̀ wà lẹ́yìn nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìwé kíláàsì kẹfà ni olùkọ́ ń kọ́ wọn. Áàpù tí wọ́n ń pè ní Mindspark máa ń wá ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí gan-an, ibẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 90 lóòjọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀: ìdajì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìdajì pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ àti ẹgbẹ́ kékeré. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tó máa rí àyè. Láàárín oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀, àwọn tí kèké mú ju àwọn tí kò mú lọ dáadáa nínú ìṣirò àti èdè Hindi. Ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí olùkọ́ kan kò lè ṣe fún ọmọ 40 lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni láti kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele tirẹ̀.

Ti AI ń fẹ́ ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ní Turkey, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan akẹ́kọ̀ọ́ girama ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta fún ìṣirò. Nínú ìdánrawò, àwọn tó ń lo AI lásán fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe dáadáa ju àwọn tí kò ní in lọ. Nígbà tí wọ́n gba AI lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì ṣe ìdánwò, àmì wọn fi ìdá 17 relẹ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó rárá lọ. Ẹgbẹ́ kẹta lo AI tí olùkọ́ ti bá ṣètò pé kó máa ṣe ìtọ́sọ́nà, kó má sọ ìdáhùn. Ìpalára yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára wọn. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn jù ni pé àwọn tó pàdánù kò mọ̀ pé àwọn pàdánù.

Bí ilé ìwé yín bá ṣì fẹ́ rà á, kí wọ́n ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó sanwó. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì 30 bá ń gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí wáàtì 10, wáàtì 300 nìyẹn. Ṣé wáyà àti iná yàrá náà gbà á, níbo ni wọ́n sì máa tì í mọ́ lóru? Bí àtúnṣe áàpù kan bá jẹ́ MB 200, GB 6 ni fún ẹ̀rọ 30. Tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá lágbára, áàpù tó lè ṣiṣẹ́ láìsí i ni kí wọ́n wá. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá lọ fún pípín, márùn-ún fún ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ọmọ gbàgbé, márùn-ún fún kíkó o padà, nínú ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 45, ìdá kan nínú mẹ́ta ti ṣòfò; ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sàn ju oníṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún gíláàsì tó fọ́ àti bátìrì tó kú, kí wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe. Bí kò bá sí orúkọ kankan, olùkọ́ ìṣirò ló máa di alátùn-únṣe, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló sì máa san án.

Kí wọ́n ra ti kíláàsì kan péré fún sáà kan. Kí ẹ fún kíláàsì méjì tó jọra ní ìdánwò orí ìwé, kí ìbéèrè kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí àwọn ọmọ dúró sí. Kí ẹ ṣẹ́ kèké kíláàsì tó máa lo ẹ̀rọ. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọ̀gá yàn, èyí tó dára jù ló máa yàn, kò sì ní sí ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀. Ní òpin sáà, kí ẹ tún dán méjèèjì wò lórí ìwé, láìsí ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ìbéèrè tí kò sí nínú áàpù náà, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti mọ ohun tó dúró lórí wọn. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan fi lọ sókè ni kí ẹ fi ṣe ìpinnu. Iye àmì tí ẹ máa kà sí àṣeyọrí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, kí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín má sì sí lára àwọn tó máa ṣàmì ìdánwò náà.